Ìlà Kẹta Orin Ìsìnkú Wa

Osterhafen, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, 1701

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Lónìí ló yé mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó kí yín, torí bí mo bá fi ìkíni ṣáájú, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò ti sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo jókòó sídìí dùùrù ńlá nínú ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, Ọ̀gá Stapelfeldt dúró lẹ́yìn mi. Ẹ mọ̀ pé láti oṣù kẹwàá tí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àdàkọ ni mo ń ṣe. Kí n fa ìlà, kí n gbẹ́ kálàmù, kí n da iṣẹ́ rẹ̀ kọ, kí n tún fa ìlà. Kò jẹ́ kí n kọ orin kankan fúnra mi. Àfi bó ṣe ṣàdédé sọ pé, “Tẹ orin ìsìnkú ìlú yín fún mi. Lẹ́yìn náà, dá àrà kan lórí ẹsẹ kejì.” Inú mi dùn débi pé mo da gbogbo ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìka ń sáré lọ sókè, ó ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ń fò. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

“Kí ni ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ kejì?”

Bàbá, mi ò rántí! Èmi tí mo ti kọ orin náà níbi òkú tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

“Fi ẹnu kọ ọ́,” ni ó wí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní, mo kọ ọ́ títí mo fi kan ibi tí arìnrìn-àjò ti dé etí odò tí kò sí afárá.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ni ọ̀gá wí. “Omi náà wá dà nínú ohun tí o tẹ̀ yẹn? Eruku nìkan ni mo gbọ́.”

Klaus Wübbe, bàbá arúgbó tó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹwìrì dùùrù lẹ́yìn ògiri, rẹ́rìn-ín títí ó fi yẹ̀ kúrò lórí pátákó. Afẹ́fẹ́ tán, gbogbo fèrè ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́ kí ọwọ́ òsì máa ṣàn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìdúró. Mo wá fi ohùn orin sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ dán òkúta wò nínú omi kó tó tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti rò pé ọ̀ṣọ́ ni àrà, bí òdòdó tí wọ́n ń yà sára àpótí aṣọ. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ orin yẹn gan-an ni à ń tún sọ láìla ẹnu. Orin wa ní ẹsẹ méje. Àrà méje ni mo máa kọ, ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ orin náà yóò mọ ibi tí arìnrìn-àjò dé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó yá, ẹ wá gba ìkíni mi wàyí. Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Ẹ bá mi kí Màmá tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n hun ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, pé ẹja oníyọ̀ ni a ń jẹ níbí láàárọ̀ lọ́sàn-án, àárò kábéèjì kíkan wọn sì ń sọ mí. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ ìlú etíkun yìí bá ń yọ lẹ́nu mi. Èdè tiwọn ni mò ń sọ látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá mú kálàmù, mo máa ń gbìyànjú láti kọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé láti ìgbà Kérésì, ẹ ò dá mi lóhùn. Kí ni mo ṣe?

Ọmọ yín,
Valtin


Wolmerode, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, 1701

Valtin ọmọ mi,

A rí lẹ́tà rẹ gbà, a dúpẹ́ pé ara le. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o má jókòó sójú fèrèsé.

O bèèrè ohun tí o ṣe. O ò ṣe nǹkan kan. Ìka mi ni. Ìka kẹta àti ìkẹrin ọwọ́ ọ̀tún kì í ká mọ́ láàárọ̀, àfi tí ìyá rẹ bá fi omi gbígbóná jó wọ́n. Kálàmù ń já bọ́. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ti gbọ́, torí ẹni tó bá ń tẹ dùùrù kò ní ibi tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ sí.

Ìgbìmọ̀ ìjọ wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àlùfáà Hessler ṣáájú wọn. Wọ́n mu bíà wa, wọ́n yin bíà wa. Àlùfáà wá ní, “Tíṣà Kolbe, ọgbọ̀n ọdún tí ẹ lò kúrò ní kékeré. Ó yẹ kí ẹ sinmi.”

Mo ní, “Ibo ni kí n ti sinmi, Àlùfáà?”

Wọ́n tún na ife fún bíà. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá ni ìjókòó dùùrù ló ni ilé tí a ń gbé yìí. Lọ́jọ́ Àjọ̀dún Máíkẹ́lì Mímọ́, ní ìparí oṣù kẹsàn-án, wọ́n máa yan ẹlòmíì. Jobst, ọmọ ẹ̀gbọ́n àlùfáà, ń bọ̀ wá ṣe ìdánwò. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà pé kí ìwọ náà wá. Kálukú yín yóò mú àrà tirẹ̀ lórí orin ìsìnkú wa wá, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ níwájú ìjọ. Alábòójútó orin láti ààfin Duke ni yóò jókòó ṣe onídàájọ́, àwọn ará ìlú náà yóò sì sọ tiwọn. Bí wọ́n bá mú ọ, èmi àti ìyá rẹ yóò máa gbé nínú yàrá ẹ̀yìn wa lọ. Bí wọ́n bá mú Jobst, a ní oṣù kan àti ààbọ̀ láti kó ẹrù.

Ní ti odò rẹ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo kà á fún ìyá rẹ. Ó bèèrè bóyá arìnrìn-àjò náà rí odò náà sọdá. Mo ní kó ní sùúrù títí di ẹsẹ kẹta.

Fi ohun tí o bá kọ ránṣẹ́ kí n rí i. Má kó iná etíkun wá dáná sun wá níbí o. Àgbẹ̀ ni wá.

Bàbá rẹ,
Asmus Kolbe


Osterhafen, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, 1701

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrora. Mo sunkún nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ ìka yín, mo wá nu ojú, mo jókòó síbi iṣẹ́. Mo ti parí rẹ̀. Àrà méje náà ló wà nínú àpò awọ yìí.

Ìkínní ni orin lásán, ohùn mẹ́rin jọ ń rìn, kí ìjọ lè mọ̀ pé ilé ni a wà. Odò ni ìkejì. Ní ìkẹta, ọ̀nà jìn: ohùn ìsàlẹ̀ ń rìn, kò sinmi. Ìkẹrin ni òtútù. Ẹ máa rí i pé ìdajì ìṣísẹ̀ lẹ́yìn ìdajì ìṣísẹ̀ ni mo mú àwọn ohùn sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀ nítorí ìka yín.

Ẹ wá wo ìkarùn-ún. Ibẹ̀ ni arìnrìn-àjò ti kan ilẹ̀kùn. Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ orin. Kó tó lọ jìnnà, ohùn kejì ti gbà á, ó ń sọ ohun kan náà gẹ́lẹ́ tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò sì kọlu ara wọn níbì kankan. Ẹni tó wà níta ń pè, ẹni tó wà nínú ilé ń dá a lóhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ ọ́. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, Ọ̀gá Stapelfeldt ní “Hm.” Ẹ bi Klaus Wübbe, ọdún méjìlá ló ti ń tẹ ẹwìrì fún un, ó ní òun ò tíì gbọ́ “Hm” ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ fún mi. Ẹ má pẹ́ o.

Valtin


Wolmerode, ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje, 1701

Valtin,

Wọ́n sin ìyàwó agbẹ́-àgbá lọ́jọ́ Tuesday. Mo rò ó pé kí n fi ohun tí o kọ sin ín, kí ìlú lè gbọ́ ọ kí o tó dé. Mo gbé ìwé rẹ síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ orin lásán bí o ṣe kọ ọ́, ìjọ sì ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́. Ìlà kìíní, kò burú. Ìlà kejì, kò burú. Nígbà tí a dé ìlà kẹta, dùùrù gòkè, ìjọ sọ̀ kalẹ̀.

Barbe Lindig dìde láàárín àwọn obìnrin, tòun ti ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin lórí rẹ̀. “Tíṣà! Ẹ ti ṣìnà o!” Nínú ilé Ọlọ́run! “Ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀, àwa ń dúró dè yín níbí!”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Níbi òkú. Agbẹ́-àgbá gbójú sókè wò mí, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí.

Ta ló ní kí o gun òkè níbẹ̀? Ṣé oṣù mẹ́sàn-án péré ti tó láti gbàgbé bí a ṣe ń kọ orin nílé ni, àbí ojú wa ń tì ọ́?

Mi ò rò pé mo sọ ìdí rẹ̀ fún ọ rí, torí kò sẹ́ni tó máa ń sọ ọ́. Láyé ogun ńlá, àjàkálẹ̀ àrùn tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun wọ ìlú yìí. Nígbà tó lọ tán, ó ku obìnrin mọ́kànlá tó lè dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ló sin gbogbo ìlú. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ orin náà, ohùn wọn há títí tí kò fi sí ẹnìkan nínú wọn tó lè gbé ìlà kẹta dókè mọ́. Wọ́n bá gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Barbe wà nínú wọn. Àwọn tí a bí lẹ́yìn náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà bá a bẹ́ẹ̀, mi ò sì gbìyànjú láti tún un ṣe rí, bí àlùfáà mẹ́ta tilẹ̀ ti ní kí n tún un ṣe.

Ó kù oṣù méjì. Tún un kọ.

Bàbá rẹ


Osterhafen, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, 1701

Bàbá,

Mo kí yín.

Ẹ ní ojú yín ń tì mí. Ìwé orin tí wọ́n tẹ̀ ni mo dà kọ! Ó wà lórí tábìlì ọ̀gá, wọ́n tẹ ìlà kẹta sínú rẹ̀, ó ń gòkè. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ orin yẹn nílé, mo rò pé ìwé àti ìlú bára mu ni. Mi ò wo ìwé nígbà yẹn, mi ò gbọ́ ìlú níbí. Ta ló máa rò ó? Ọ̀gá ní ìwé ló tọ̀nà. Alábòójútó tó ń bọ̀ láti ààfin yóò ní ìwé yìí kan náà lọ́wọ́.

Síbẹ̀ mo gbìyànjú. Àwọn yòókù ṣeé tún ṣe. Ìkarùn-ún kò ṣeé ṣe. Bí ohùn kìíní bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà kẹta, ohùn kejì tó ń tẹ̀ lé e yóò kọlù ú, wọn yóò jọ máa wọ́ ara wọn bí ọ̀mùtí méjì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń pa á rẹ́, tí mo ń tún un kọ.

Ohun kan ń dùn mí. Ẹ kọ ojú ìwé mẹ́ta, ẹ ò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ìkarùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Bí kò bá dára, ẹ sọ pé kò dára, kí Jobst máa jókòó síbẹ̀ lọ.

Valtin


Wolmerode, ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹjọ, 1701

Valtin ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni. Bàbá rẹ kò mọ̀ pé mò ń kọ èyí, má wo bí kálàmù ṣe ń wọ́. Ṣé o ń jẹun? Aago mélòó lo ń sùn?

Ìwọ àti bàbá rẹ, orí kunkun yín bára mu bí ìbọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní òun ò ní fèsì lẹ́tà tó gbẹ̀yìn yẹn. Ó wá ká a, ó fi sínú Bíbélì.

Jẹ́ kí n sọ ti ìkarùn-ún fún ọ. Ojoojúmọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́. Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti lọ, yóò ní, “Dorthe, wá.” Torí ìka méjì yẹn tí kì í ká, èmi ni mò ń bá a tẹ àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé. Èmi o! Èmi tí mi ò mọ dùùrù yàtọ̀ sí pẹpẹ. “Tẹ eléyìí, Dorthe, má gbé e títí n ó fi ní kí o gbé e. Ó tó. Bọ́ síbí. Ìyẹn kọ́, obìnrin yìí!” Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì ṣe ń tẹ ohun tí o kọ. Lọ́jọ́ kan, ó dúró láàárín rẹ̀, ó ní, “Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wá ibi tí ohùn kejì lè gbà wọlé sínú orin yìí. Mo gbà pé kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ọmọ yìí lọ jìnnà, ó rí ilẹ̀kùn.” Ó wá sunkún díẹ̀, ó ní eruku ni. Ó ti sọ ọ́ fún ọkùnrin tó ń bá wa lọ ọkà. Ó ti sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀. Ó sọ ọ́ fún ọkùnrin kan tó wá ra ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ wa, ọkùnrin yẹn ò tilẹ̀ mọ orin. Ìwọ nìkan ni kò ní sọ ọ́ fún. Ó ní ìyìn máa ń ba ọwọ́ jẹ́ kí ìdánwò tó dé.

Jobst ti dé. N kò ní purọ́ fún ọ, ó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ó sì gbọ́n. Ó lọ bá Barbe nílé, ó ní kó kọ orin náà fún òun, ó fi kálàmù gbà á sílẹ̀. Mo bi Barbe léèrè ohun tó rò nípa tìrẹ. Ó ní, “Bó bá ń gòkè, kó máa gòkè. Ẹsẹ̀ mi ò gba òkè mọ́. Èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni kí wọ́n fi sin mí.”

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ tí a kì í lò. Mi ò jẹ́ kí bàbá rẹ rí mi.

Ìyá rẹ


Osterhafen, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, 1701

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ jọ kà á. Màmá, ẹ má bínú, n kò lè fi ìwé yín pamọ́ fún Bàbá. Mo ti kà á tó ìgbà ogún. Bàbá, ẹ dárí jì mí fún lẹ́tà oṣù kẹjọ. Bí mo ṣe ń rò ó pé ẹ̀yin méjèèjì jókòó lórí ìjókòó kan, tí Màmá ń di ohùn kan mú dè yín, mi ò lè tẹ ohunkóhun fún ọjọ́ méjì.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ń ronú nípa àwọn obìnrin mọ́kànlá yẹn, mo sì ń wo àrà karùn-ún tó kọ̀ láti gbọ́ràn. Ó wá sọ sí mi lọ́kàn: ẹni tó wà níta ń gun àtẹ̀gùn kó lè kan ilẹ̀kùn, òdodo ni. Ẹni tó wà nínú ilé ńkọ́? Kí ló dé tí òun náà á fi máa gòkè? Ṣebí ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn ni! Mo bá dojú ohùn kejì kodò. Bí èkíní bá fi ìṣísẹ̀ kan gòkè, èkejì á fi ìṣísẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀. Bí èkíní bá fò, èkejì á fò sísàlẹ̀. Mò ń kọ ọ́ lọ, mi ò mọ ibi tó ń gbé mi lọ. Mo dé ìlà kẹta. Ohùn kìíní gòkè bó ṣe wà nínú ìwé. Mo wá ka ohun tí mo kọ fún èkejì. Ìlà kẹta Wolmerode ni. Bí Barbe ṣe ń kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò yọ nǹkan kan.

Mo sáré gbé e lọ bá ọ̀gá. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ irun àtọwọ́dá orí rẹ̀ sórí itan, ó họrí.

“Ta ló kọ́ ọ ní ohùn ìlà kẹta yẹn?”

Mo ní, “Obìnrin mọ́kànlá ni, ọ̀gá.” Mo sọ ìtàn wọn fún un. Ó tún fi ìka kan tẹ ìlà náà. Nígbà tó yá, ó ní, “Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì wà láyé, èmi náà á lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.” Klaus Wübbe yọjú láti ẹ̀yìn ògiri, ó ní ìyẹn ju “Hm” lọ.

Ìṣòro tó kù nìyí. Dùùrù wa nílé kéré, fèrè tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nìkan ló ń ké tantan níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé òun ni ìjọ máa ń gbá mú. Ní ìlà kẹta yẹn, èyíkéyìí nínú ohùn méjèèjì tí mo bá fi sí ẹsẹ̀, òun ni wọn yóò pè ní orin. Èkejì yóò wà lọ́wọ́, etí tó bá wá a ló máa rí i. Bí mo bá fi èyí tó ń gòkè sí ẹsẹ̀, alábòójútó yóò máa fi ìka tọ ìwé rẹ̀, yóò máa mi orí pé ó tọ́, àwọn ará ìlú yóò sì tún ṣìnà, wọn yóò ní ọmọ Kolbe padà wá tàbùkù wa lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá fi èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, Barbe yóò kọrin, gbogbo ìjọ yóò bá a kọ ọ́, alábòójútó yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó fẹ́ gba ìjókòó dùùrù kò mọ orin tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Yàrá ẹ̀yìn yín ni mo gbé lé e yìí, mi ò lè fi ṣeré.

Mo ti kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ ọ̀gá pé kó yàn fún mi. Ó ní, “Ṣọ́ọ̀ṣì mi kọ́.”

Oníṣòwò aṣọ kan tó ń gun ẹṣin lọ sí Erfurt ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, yóò dé ṣáájú mi. Mò ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ lọ́jọ́ Thursday. Mo máa sùn sílé àbúrò Màmá ní Göttingen, n ó sì dúró níbẹ̀ títí ìwé yín yóò fi bá mi. Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ bí àwọn ènìyàn yẹn ṣe ń mí, ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró kí wọ́n tó gba ìlà kẹta. Ẹ fi ìka tó bá lè kọ̀wé kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, bó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré: èwo nínú méjèèjì ni kí n fi sí ẹsẹ̀?

Valtin